Lalla Bouchra, Má Mira!

Lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè, igba dírámù géérégé ni Allal aránṣọ ná sórí nǹkan ìṣeré ọmọdé lọ́jà Fez. Mọ́tò kéékèèké mẹ́ta, ọgbọ̀n dírámù. Pẹ́pẹ́yẹ tó ń ké, ogún. Ìwé alàwòrán tí eyín ọmọ ò lè ya, àádọ́ta. Ọmọlangidi, ọgọ́rin. Báàgì tó kó gbogbo wọn sí, ogún. Bó ṣe ń lọ sílé, ó ya ra kẹ̀kẹ́ òwú sílíkì pupa kan, dírámù méjìlá, ó jù ú sápò jálábíà ẹ̀. Ìyẹn ò sí nínú ìṣirò ìrìn àjò. Ti iṣẹ́ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́ta àbọ̀ ọ̀sán, bàálù fẹ́ gbéra ní Casablanca, Montreal ló ń lọ. Allal jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà àárín. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni, kò wọ bàálù rí. Ghita, ọmọ ọmọ ẹ̀, wà lórí itan ẹ̀. Tamou ìyàwó ẹ̀ ló yẹ kó gbé ọmọ yìí lọ bá Nawal, ìyá ẹ̀, àmọ́ Tamou ti yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ọ̀tún ṣì wà nínú sìmẹ́ńtì ọsibítù. Gbólóhùn kan péré ló sọ lẹ́nu ọ̀nà: "Má jẹ́ kó sunkún dé ọ̀dọ̀ Nawal."

Obìnrin kan wà lójú fèrèsé, ìborí funfun, gíláàsì wúrà lójú. Bouchra lorúkọ ẹ̀, Lalla Bouchra lẹ́nu ẹni tó bá ń bọ̀wọ̀ fún un, ó ń ta oògùn ní Meknes.

"Ẹ kú ìjókòó o, Bàbá. Ojú yín ti yí padà. Ṣé bàálù ló ń bà yín lẹ́rù ni?"

"Bàálù kọ́, Lalla. Ẹni tó wà lórí itan mi yìí ni."

"Ẹ fọkàn balẹ̀! Ẹ̀gbẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lẹ jókòó sí. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá ni mo ti gba ojú ọ̀run yìí kọjá. Kò sí nǹkan tí ọmọdé lè dán wò nínú bàálù tí mi ò mọ oògùn ẹ̀."

"Ẹ̀ẹ̀mọkànlá! Ọlọ́run ló fi yín síbẹ̀."

"Òun ni. Ọmọ oṣù mélòó ni?"

"Oṣù méjìlélógún, ọjọ́ mẹ́fà."

"Ọ̀rọ̀ mélòó ló ti lè sọ?"

"Mẹ́sàn-án. Mẹ́rin nínú ẹ̀, 'rárá' ni."

"Báwo ni 'rárá' ṣe máa di mẹ́rin?"

"Èkíní, ti oúnjẹ ni, ó máa ń mi orí sí i. Èkejì, ti oorun, ó máa ń ta ẹsẹ̀ sí i. Ẹ̀kẹta, gbogbo àdúgbò ló ń gbọ́ ọ. Ẹ̀kẹrin ò ní ariwo rárá. Á kàn rọra sọ ọ́, á fojú pamọ́. Ìyẹn ni mo bẹ̀rù."

"Èmi ò ní jẹ́ ká gbọ́ ọ̀kankan nínú wọn."

Bàálù bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ghita di imú bàbá ẹ̀ àgbà mú.

"Ẹ fún un ní nǹkan tó máa lá," Bouchra pàṣẹ. "Afẹ́fẹ́ òkè máa ń dí wọn létí. Tó bá ń gbé itọ́ mì, etí á là."

Allal tọwọ́ bọ inú oúnjẹ tí Tamou dì, ó mú dàbínù kan, ó yọ kóró ẹ̀, ó fi sí ọmọ lẹ́nu.

"Dàbínù kẹ̀! Súìtì onígi ni wọ́n ń lò."

"Tamou ò di súìtì onígi. Dàbínù ogún ló dì. Ó ku mọ́kàndínlógún."

Ghita lá dàbínù títí bàálù fi gòkè. Etí là. Nígbà tó tó o, ó yọ èyí tó kù lẹ́nu, ó fara balẹ̀, ó fi kun ìborí Lalla Bouchra láti èjìká títí dé àyà.

"Ó fẹ́ràn yín," Allal wí.

"Bàbá, Mẹ́kà ni wọ́n ti ra ìborí yìí wá fún mi!"

"Ó mọ nǹkan tó dáa."

Bouchra fi omi àti bébà nù ún. Àbàwọ́n náà tóbi sí i. Ó gbé ìbínú mì, ó fa fóònù yọ.

"Ẹ wò ó, ètò ló ń gbé ọmọdé dé ibi tó ń lọ. Wákàtí mẹ́jọ la máa lò. Ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, nǹkan ìṣeré kan. Mélòó lẹ kó wá?"

"Mọ́tò mẹ́ta, pẹ́pẹ́yẹ kan, ìwé kan, ọmọlangidi kan. Mẹ́fà. Igba dírámù, pẹ̀lú báàgì."

"Wákàtí mẹ́ta nìyẹn. Ó dáa. A ó fi bébà wé wọn níkọ̀ọ̀kan. Á rò pé ẹ̀bùn ni, á máa tú u jẹ́jẹ́. Ìdajì wákàtí á di odindi. Wákàtí mẹ́fà ti lọ nìyẹn. Méjì tó kù, á sùn."

"Ẹ ti sọ fún un?"

"Mo ti sọ kí ni fún ta?"

"Fún Ghita. Pé ó máa sùn."

"Ètò ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá!"

Bouchra ya ìwé ìròyìn ẹ̀, ó wé mọ́tò àkọ́kọ́ bí ẹni ń wé oògùn, ó fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Ghita tú u. Ó wo mọ́tò. Ó jù ú sísàlẹ̀ àga. Ó kó bébà sẹ́nu.

"Ó ń jẹ ìwé ìròyìn," Allal wí.

"Ẹ gbà á lẹ́nu ẹ̀!"

"Lalla, ẹ̀yin lẹ fún un. Ẹ̀yin ni kó gé lọ́wọ́ jẹ."

Mọ́tò kejì lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kẹta lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi ìwé lu Allal lórí, ọmọlangidi di ohun tí wọ́n fi ń lu ìwé. Nígbà tó kan pẹ́pẹ́yẹ, Ghita fi gbogbo agbára jù ú. Pẹ́pẹ́yẹ fò kọjá ìlà àga mẹ́ta, ó ń ké lójú òfuurufú, ẹnì kan ké padà níwájú.

Allal wo aago ọwọ́ ẹ̀.

"Igba dírámù. Ó tán ní ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì."

"Báàgì ṣì kù!"

"Kò kù. Òun ló dé sí mi lórí yìí."

Lóòótọ́, báàgì ló wà lórí Allal, ó bo ojú kan.

Bí wọ́n ṣe ń yọ báàgì, Ghita ti rí bọ́tìnì kan tó ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú èrò bàálù dé, ó tẹríba, ó béèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Allal dìde díẹ̀, ó kí i, ó béèrè àlàáfíà ìyá ẹ̀, ó yọ ẹyin sísè kan, ó bu iyọ̀ àti èròjà kúmínì sí i, ó fi lé e lọ́wọ́. Ọmọbìnrin yẹn dúpẹ́, ó lọ. Ghita tún tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin yẹn tún dé. Allal tún bó ẹyin.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Ó wá kí wa ni. Ṣé kó padà lọ́wọ́ òfo ni?"

"Kò wá kí wa! Ọmọ yìí ló ń pè é!"

"Ẹni tí ọmọ mi pè, ṣé kò ti di àlejò mi?"

"Ìgbà karùn-ún rèé!"

"Mo mọ̀. Ẹyin mẹ́wàá ni Tamou sè. Ó ku márùn-ún. Ẹ gba ọ̀kan, Lalla, kí n má jẹ́ kó dà bíi pé mo fojú fo yín."

"Mi ò jẹ ẹyin nínú bàálù. Òórùn ẹ̀ ò dáa fún àwọn tó jókòó tì wá."

"Òótọ́ lẹ sọ," Allal wí. Ó bó ẹyin méjì, ó nà wọ́n sí àwọn tó jókòó lẹ́yìn wọn.

Bouchra fọwọ́ lérí.

"Ó yá, ẹ jẹ́ ká lo fóònù. Eré ọmọdé kan wà nínú tèmi, ràkúnmí ló ń jó. Kò sí ọmọ tó ń wò ó tí kì í dákẹ́."

"Lalla, ẹ dúró ná. Ọ̀rọ̀ fóònù lọ́dọ̀ Ghita..."

"Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, Bàbá."

Fóònù tàn. Ojú Ghita tàn jù ú lọ. "Mama!" Ó di fóònù mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó fẹnu kò ó lẹ́nu. Ràkúnmí bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ghita wo ràkúnmí. Ó yí fóònù dà, ó wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ó tún yí i padà.

"Mama?"

"Kí ló ń wá lẹ́yìn fóònù?" Bouchra béèrè.

"Ìyá ẹ̀. Inú fóònù ló mọ̀ ọ́n sí. Lójoojúmọ́, aago mẹ́jọ alẹ́, ìyá á jáde nínú fóònù, á kọrin fún un, á tún padà wọlé. Oṣù mẹ́rìnlá rèé."

"Oṣù mẹ́rìnlá! Kò tíì fọwọ́ kàn án?"

"Ọmọ oṣù mẹ́jọ ló fi sílẹ̀. Ìwé àṣẹ ọmọ ló pẹ́. Àwọn arúgbó ni Nawal ń tọ́jú níbẹ̀, ó ń wẹ̀ fún wọn, ó ń bọ́ wọn. Lánàá ó ní, 'Bàbá, tí Ghita bá sá fún mi lójú gbogbo èèyàn, mi ò mọ bí mo ṣe máa dúró lórí ẹsẹ̀ mi.' Ìdí tí mi ò ṣe fẹ́ ẹkún nìyẹn, Lalla. Tó bá sunkún wákàtí mẹ́jọ, kò ní gbà kí àlejò gbé òun. Àlejò sì ni ìyá ẹ̀ báyìí."

Bouchra sáré pa fóònù. Ìyẹn ló burú jù. Fóònù ṣókùnkùn, ìyá ò jáde. Ghita la ẹnu, ó fa èémí sínú, ó fà á, ó fà á.

"Ẹ̀kẹta ló ń bọ̀ yìí," Allal wí, ó di fìlà ẹ̀ mú.

"RÁRÁÁÁÁÁ!"

Gbogbo orí tó wà níwájú yíjú. Gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn na ọrùn.

"Ẹ má fòyà! Ẹ má fòyà!" Ohùn Bouchra fúnra ẹ̀ ń gbọ̀n. "Wọ́n ní tí ọmọ bá ń bínú, kéèyàn sọ fún un pé òun mọ̀. Ghita! Ghita dáadáa! Mo mọ̀ pé inú ń bí ẹ."

Ghita gbá gíláàsì wúrà kúrò lójú ẹ̀.

"Òun náà mọ̀ pé ẹ mọ̀," Allal wí, ó bá a mú gíláàsì nílẹ̀.

"Ẹ gbé e rìn! Ẹ gbé e rìn lọ rìn bọ̀!"

Allal gbé e, ó rìn láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó padà. Ẹni tó bá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ó kí i. Ìgbà mẹ́rìnlá ló lọ, ìgbà mẹ́rìnlá ló bọ̀. Ó jókòó, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹkún ò dín.

"Lalla, aago mélòó ni nílẹ̀ tá a wà yìí?"

"Ilẹ̀ wo? Òkun ló wà nísàlẹ̀ wa."

"Ti òkun náà ni mò ń béèrè. Oòrùn ò kúrò lójú kan. Mo ti rìn tó Fez sí Sefrou, ọ̀sán ò yẹ̀."

"Ibi tá à ń lọ ni oòrùn náà ń lọ."

"Nígbà náà, òun ni kó wá gbé e."

Bouchra kọrin Faransé. Ẹkún lọ sókè. Ó kọ ti Meknes. Ọkùnrin kan lẹ́yìn bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí ọmọ nìkan máa sunkún. Ó bá dákẹ́. Allal wò ó, ó wò ó, ó rọ ohùn ẹ̀.

"Lalla, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan kan, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mọkànlá yẹn, ọmọ mélòó lẹ gbé dání?"

"Nínú mọ́kànlá?"

"Nínú mọ́kànlá."

Bouchra tún ìborí ẹ̀ ṣe. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì.

"Mo gbé ológbò lẹ́ẹ̀kan."

"Ṣé ó sunkún?"

"Ó sùn. Dókítà ẹran fún un lóògùn kó tó wọlé."

"Ọlọ́run á bù kún dókítà yẹn. Àwọn ọmọ tiyín ńkọ́?"

"Ọ̀kan ṣoṣo ni mo bí. Bàbá ẹ̀ ló gbé e wọ bàálù, èmi dúró ti ṣọ́ọ̀bù oògùn. Gbogbo ohun tí mò ń sọ fún yín láti ọ̀sán, inú fóònù ni mo ti rí i." Ó bojú wo fèrèsé. "Ẹ ti rí mi báyìí."

"Mo rí yín. Ẹ dáwọ́ lé e, ẹ ò sì sá. Ọkùnrin tó wà níwájú wa ti lọ wá àga míì."

Ghita, láàárín ẹkún, na ọwọ́, ó di bọ́tìnì sílíkì kan mú láyà jálábíà Allal, ó fà á. Pọ́! Bọ́tìnì já.

Igbe tí Allal ké borí ti ọmọ.

"Bọ́tìnì mi!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ọ̀kan péré ni. Ẹ ṣì ní..."

"Mọ́kàndínláàádọ́rin! Àádọ́rin ni mo rán síbẹ̀! Ọdún márùndínláàádọ́ta ni mo ti ń ránṣọ fún gbogbo Fez. Ṣé kí n dé iwájú ọmọ mi láyà ṣíṣí, bí ẹni tó jà nínú ọjà?"

Ó gbé ọmọ fún Bouchra, ó fa abẹ́rẹ́ yọ létí fìlà, ó tọwọ́ bọ àpò, ó mú kẹ̀kẹ́ òwú pupa jáde, ó fa òwú náà gùn. Ó kọ́kọ́ wá sísọ́ọ̀sì.

"Wọ́n ti gbà á ní Casablanca," ó rántí. Ó fi eyín gé òwú náà. "Wọn ò rí méjì tó kù yìí gbà."

Ẹkún dúró. Kò dín kù díẹ̀díẹ̀. Ó dúró bí ìgbà tí wọ́n pa rédíò.

Allal ò mira. Bouchra ò mira. Wọ́n wo ara wọn.

"Ó ti dá..."

"Ẹ má sọ ọ́! Ẹ kọ́kọ́ pe orúkọ Ọlọ́run sí i!"

"Máṣáláhù. Ó ti dákẹ́. Kí ló rí?"

Ghita tẹ ojú mọ́ òwú. Omijé méjì ṣì rọ̀ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Òwú ló rí," Allal wí, ohùn ẹ̀ ya òun náà lẹ́nu. "Ní ṣọ́ọ̀bù mi, tá a bá ń rán etí jálábíà, ẹnì kan máa dúró lódìkejì, á na òwú mẹ́rin sọ́wọ́, á máa fi ọ̀kan kọjá lórí ìkejì, èmi á máa fi abẹ́rẹ́ dè é. Nígbà tí Nawal wà ní kékeré, òun ni. Báyìí, Tamou ni. Ghita á jókòó sáàárín, abẹ́ òwú. Láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Kì í sunkún níbẹ̀."

"Òwú yìí wà lápò yín látàárọ̀?"

"Àtàná ló ti wà níbẹ̀."

"Bàbá! Kí ló dé tẹ́ ò mú un jáde nígbà tí wọ́n ń fi pẹ́pẹ́yẹ lu èèyàn?"

"Nǹkan ìṣeré lẹ béèrè. Òwú kì í ṣe nǹkan ìṣeré. Iṣẹ́ ni."

Ghita na ọwọ́ sí òwú. Bouchra gbà á mọ́ra kíá.

"Rárá o! Òwú pẹ̀lú ọmọdé! Ó lè kọ́ ọ lọ́rùn! Ìyẹn, mi ò rí i nínú fóònù, mo rí i ní ṣọ́ọ̀bù oògùn."

"Ẹ ò purọ́. A kì í jẹ́ kó dá fọwọ́ kàn án láé. Ìdí ẹ̀ tó fi jẹ́ pé àgbà méjì ló ń dì í mú, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ẹ na ọwọ́."

"Èmi?"

"Tamou wà ní Fez."

Bouchra na ọwọ́. Allal gbé ọmọ sí àárín wọn, ó fi òwú mẹ́rin kọ́ ìka Bouchra, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Ó wò yíká ohun tó máa rán. Bọ́tìnì ò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ojú ẹ̀ bá àbàwọ́n dàbínù.

"Ẹ na etí ìborí yẹn sí mi. Mo máa fi ọnà pupa lé etí ẹ̀. Á bo ohun tí Ghita kùn sí i."

"Ìborí Mẹ́kà!"

"Kò sí bá a ṣe máa mú dàbínù kúrò lára ẹ̀ mọ́. Ó yá. Ọ̀tún kọjá sórí òsì."

"Báyìí?"

"Fà á."

"Mo ti fà á."

"O ò fà á. Fà á dáadáa! Gbé ìka ẹ sókè! Má mira!"

Bouchra gbójú sókè.

"Bàbá, èmi lẹ ń pè ní 'ìwọ'?"

"Ẹ dákun, ẹ má bínú, Lalla. Ẹnu ṣọ́ọ̀bù ni. Kò mọ àgbà, kò mọ ọlọ́lá."

"Ó dáa. Mo kàn ní kí n béèrè ni."

"Òsì kọjá sórí ọ̀tún. Má mira!"

Wọ́n rán an. Abẹ́rẹ́ á wọlé, Ghita á tẹ ìka Bouchra, òwú á kọjá. Ìgbà tí Bouchra gbàgbé, Ghita gbá a lọ́wọ́. Ìgbà tó tún gbàgbé, ọmọ náà na ìka kékeré sí i lójú.

"Má mira!"

Abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Allal.

"Ẹ gbọ́ ohun tó sọ?"

"Ó ní kí n má mira."

"Kò sọ ọ́ rí! Mẹ́wàá ti pé! Ọ̀rọ̀ kẹwàá nìyẹn!"

"Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà láyé, èmi ló wá fi èyí kí," Bouchra wí, àmọ́ ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì mira.

Wákàtí kan lọ, ọnà pupa gùn tó ìka mẹ́rin. Wákàtí kejì lọ, Bouchra bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ bí ọ̀gá.

"Èyí tẹ́ ẹ rán gbẹ̀yìn dẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, Bàbá."

"Kò dẹ̀."

"Ó dẹ̀. Mo rí i láti ọwọ́ mi. Ìṣòro yín ni pé ẹ ò sinmi láàárín. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí..."

"Ìgbà wo lẹ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀?"

"Láti orí òkun."

Nígbà tó kan wákàtí kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúnkún lu orúnkún.

"Bàbá, mo fẹ́ lọ ilé ìtọ̀."

"Ẹ jẹ́ ká parí etí yìí."

"Èwo ló máa kọ́kọ́ parí, etí tàbí èmi?"

Ó yọ ìka kan díẹ̀. Ẹnu Ghita bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó sáré dá ìka padà. Ó tún gbìyànjú. Ẹnu tún gbọ̀n. Nígbà tó máa gbìyànjú ẹlẹ́ẹ̀kẹta, Ghita ti fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé apá ẹ̀, ó ti sùn. Allal yọ abẹ́rẹ́, ó kó òwú jìnnà sí ọrùn ọmọ, ó ku ìdì kékeré kan tí ọmọ náà di orí ẹ̀ mú, ìdí ẹ̀ sì wé mọ́ ìka Bouchra.

"Ó ti sùn," Bouchra sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ètò mi sọ ọ́. Wákàtí méjì ìkẹyìn."

"Ètò yín gbìyànjú. Ẹ lọ tọ̀."

"Báwo? Tí mo bá mira, ó máa jí."

"Á jí. Á sì sun ẹkún tó kù."

Bouchra wo ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀. Ó wo ọmọ. Ó wo òkun nísàlẹ̀, omi lọ súà. Ó yíjú kúrò kíá.

"Ìyá ẹ̀ ti dúró oṣù mẹ́rìnlá," ó wí. "Èmi náà á dúró wákàtí méjì. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bu omi níbí."

Bàálù balẹ̀ láago mẹ́fà àbọ̀ ti Montreal, oòrùn ṣì wà lójú. Ghita jí, ojú ẹ̀ mọ́, kò sí omijé. Ohun àkọ́kọ́ tó wò ni òwú. Ó fà á. Bouchra tẹ̀ lé e. Bí wọ́n ṣe tò nìyẹn: ọmọ níwájú lọ́wọ́ Allal, òwú láàárín, Lalla Bouchra lẹ́yìn, ó ń rìn kéékèèké, ẹsẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀. Wọ́n kọjá ilé ìtọ̀ mẹ́ta. Allal kà á.

Níbi tí wọ́n ti ń wo ìwé ìrìnnà, ọlọ́pàá wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wo òwú, ó bi Bouchra ní nǹkan kan lédè Faransé.

"Kí ló ní òun fẹ́ mọ̀?" Allal béèrè.

"Ó ní kí ni mo jẹ́ sí yín."

"Kí lẹ sọ fún un?"

"Mo ní èmi ni mò ń di òwú mú."

Ọlọ́pàá yẹn ronú díẹ̀, ó lu òǹtẹ̀.

Ilẹ̀kùn ńlá ṣí. Nawal wà níwájú gbogbo èrò, ó wọ aṣọ tí bàbá ẹ̀ rán fún un kó tó kúrò nílé, ọwọ́ ẹ̀ sì bo ẹnu. Ó ti tín-ín-rín. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na apá méjèèjì.

"Ghita. Ghita mi."

Ghita wò ó. Kò sunkún. Kò ta ẹsẹ̀. Ó rọra sọ ọ́, kò ní ariwo:

"Rárá."

Ó fojú pamọ́ sínú jálábíà Allal.

"Ẹ̀kẹrin nìyẹn?" Bouchra béèrè.

"Òun ni," Allal wí. Apá Nawal bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀.

Ghita yọ ojú kan síta. Ó wo obìnrin tó kúnlẹ̀ yìí, ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó wo ọwọ́ ẹ̀, òfìfo ni. Ní ṣọ́ọ̀bù bàbá ẹ̀ àgbà, ọwọ́ àgbà kì í ṣófo. Ó na orí òwú tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ síwájú.

"Gbà."

Nawal ò béèrè ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Ó gba òwú, ó fi í kọ́ ìka méjì, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́fà, ó gbé ìka sókè, ó fà á, ó le dáadáa.

"Kò dẹ̀," Bouchra wí.

Ghita wo òwú. Ó tẹ ìka Nawal. Òwú kọjá. Ó sún mọ́ ọn ní ìṣísẹ̀ kan, ó tún tẹ̀ ẹ́. Òwú tún kọjá. Ó sún mọ́ ọn títí òwú fi tán láàárín àwọn méjèèjì, ó gun orúnkún ìyá ẹ̀, ó jókòó, ó na ìka kékeré sí i lójú.

"Má mira!"

"Mi ò ní mira mọ́," Nawal wí, omi ń dà lójú ẹ̀. "Mi ò ní mira mọ́ láé."

Allal nu imú ẹ̀ sápá jálábíà. Ó wo aago ọwọ́ ẹ̀, ti Fez ló ṣì ń sọ.

"Lalla Bouchra, aago mélòó ló lù níbí?"

"Aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Aago mẹ́jọ ni ìyá ẹ̀ máa ń jáde nínú fóònù. Ó fi ìṣẹ́jú mẹ́jọ yá lónìí. Ti igba dírámù, mo ti fi yẹn sílẹ̀ fún bàálù. Àmọ́ dírámù méjìlá òwú, ó ti padà wọlé báyìí, òun àti èrè ẹ̀."

"Mo bá yín yọ̀, Bàbá. Tọkàntọkàn ni mo bá yín yọ̀." Bouchra na ọwọ́ sí i, òwú pupa ṣì wé mọ́ ìka mẹ́rin. "Ó yá, ẹ wá fi eyín yín méjèèjì gé mi sílẹ̀, kí èmi náà lè mira."